Ẹ̀rọ Tó Ń Dá Gbogbo Ayé Lóhùn

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sí ìlú ọba. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló bá lọ. Ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí ni pé kí wọ́n ṣíwájú, kí èmi tẹ̀ lé wọn bí ìwé tèmi bá ti jáde. Ìwé náà kò jáde. Wọ́n ní òfin ti yí padà lẹ́yìn tí ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wọlé tán, pé ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè mú ẹlòmíì wọ̀lú mọ́. Báyìí ni mo ṣe ṣẹ́ kù sínú ilé oníyàrá mẹ́ta ní Orhuwhorun, nítòsí Warri, èmi nìkan, pẹ̀lú bàtà ilé-ìwé ọmọkùnrin mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò kó o kúrò níbẹ̀.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé wọn ò fún mi ní ìwé. Bí wọ́n bá bi mí, màá ní a ṣì ń retí rẹ̀. Àwọn èèyàn á ní kí Ọlọ́run ṣe é ní kánkán, èmi náà á ní àmín.

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí oríta Enerhen ní Warri. Nígbà kan rí, àwa mẹ́rin là ń mójú tó ẹ̀rọ ibẹ̀. Ọ̀kan lọ sí Kánádà. Ọ̀kan ríṣẹ́ sí Èkó. Ẹnì kẹta, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, gba Jámánì lọ. Ó wá ku èmi àti ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, ọmọ Urhobo kan tó lawọ́, tó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tí kì í wọ yàrá ẹ̀rọ nítorí pé òtútù ibẹ̀ máa ń dà á láàmú. Pidgin la jọ ń sọ. Pidgin ni mò ń bá onílé mi sọ, òun náà ni mò ń bá ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti oníkẹ̀kẹ́ Márúwá sọ. Àwọn ọmọ mi pàápàá, tí mo bá fi Yorùbá kí wọn lórí fóònù, Pidgin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Nígbà tó yá, Pidgin náà di Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ìlú ọba. Bàbá mi, tó ti Ṣakí wá tajà ní Warri títí ọlọ́jọ́ fi dé, kì í gbà kí a sọ èdè mìíràn nínú ilé. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kú, ìyá mi náà ti kú. Ọjọ́ Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí nìkan ni mò ń gbọ́ Yorùbá, kò sì ju kí a kí ara wa, kí kálukú wá bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí aago méjì ọ̀sán, fóònù ọ́fíìsì dún. Fóònù náà kì í sábàá dún, torí pé nọ́ńbà tèmi gan-an ni àwọn oníbàárà ń pè. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé kó tó pè. Ó ní òun ń pè láti ilé-ìwòsàn kan, pé ẹ̀rọ wa ń kọlu tàwọn, kí a jọ̀wọ́ dá a dúró. Mo gbọ́ Òkè-Ògùn nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Ó ń pe àwọn ọ̀rọ̀ kan bí ìyá mi ṣe máa ń pè wọ́n.

Mo ní, “Mà, ẹ jẹ́ ká sọ Yorùbá.”

Ó ní, “Ṣé ọmọ Yorùbá wà ní Warri níbẹ̀ ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo ní ọmọ Ṣakí.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìwọ lò ń bá wa jà láti ọjọ́ Ẹtì, ọmọ Ṣakí?”

Mo sọ fún un pé a ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ fún mi. Òun ni olórí ọ́fíìsì káàdì ní ilé-ìwòsàn náà, ibi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn aláìsàn sí, ó sì kù díẹ̀ kí òun fẹ̀yìn tì. Ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn ti lọ sí òkè òkun láti ọdún tó kọjá. Nítorí pé ọ́fíìsì òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ẹ̀rọ, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ náà fún òun. Láti ọjọ́ Ẹtì ni íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn tó ń tà á fún wọn ní Ìbàdàn sọ pé ẹnì kan ń da ìdọ̀tí lù wọ́n láti oríṣiríṣi ẹ̀rọ káàkiri ayé, wọ́n sì kọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀rọ náà àti fóònù àwọn tó ni wọ́n sínú ìwé fún òun.

Ó ní, “Tòkè òkun, n ò lówó fóònù rẹ̀. Gbogbo èyí tó wà ní Nàìjíríà ni mo ti pè. Ẹlòmíì ò gbé e. Ẹlòmíì ní kí n fi ìwé ránṣẹ́. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn.”

Mo gba nọ́ńbà ẹ̀rọ wọn sílẹ̀, mo ní màá wò ó. Kí n má purọ́, èrò mi ni pé ìyá àgbàlagbà kan ló ń ka ohun tí kò yé e. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ mu omi kí n tó wọ yàrá ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ibẹ̀ ló máa kọ. Ẹ̀rọ kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tí a ó máa bi pé, lágbájá dà, kí ó sì sọ nọ́ńbà rẹ̀. DNS ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í jẹ́ kí tiwọn dá ẹlòmíì lóhùn ju oníbàárà tiwọn lọ. Tiwa yàtọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, nítorí àwọn tó ń gbé létí odò, tí íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù wọn ò lè rí orúkọ kankan lọ́jọ́ tójò bá rọ̀. Ó máa ń sọ pé ìbéèrè kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi du ẹnì kejì. Kó tó lọ, ó fà á lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Ìtọ́jú tí mo ṣe fún un láti ìgbà náà kò ju pé mò ń gbọn eruku ara rẹ̀.

Nígbà tí mo jókòó tì í lọ́jọ́ yẹn, mo rí i pé ohun tó ń wọlé sínú rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde ga ju ìyẹn lọ lọ́nà tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo ṣí ìwé ìrántí rẹ̀, níbi tó ń kọ gbogbo ìbéèrè sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, wọ́n ń béèrè rẹ̀ láìsinmi, lórí orúkọ kan tí mi ò mọ̀, orúkọ tí ẹnì kan ti mọ̀ọ́mọ̀ kó ìdáhùn gígùn jọ sí abẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ẹni tó ń béèrè wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Mo fi í wé èyí tí ìyá náà kà fún mi. Ọ̀kan náà ni.

Ilé-ìwòsàn kò béèrè nǹkan kan. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ títí di òní ló ń béèrè, tó sì ń kọ àdírẹ́sì ilé-ìwòsàn sí i bí ẹni pé àwọn ló rán an. Ó dà bí kí ènìyàn fi ìwé péńpé kan pàṣẹ ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù kan lórúkọ aládùúgbò rẹ̀, kó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí ẹnu ọ̀nà ilé onítọ̀hún á fi dí. Èmi ni mò ń gbé ẹrù náà lọ. Láti ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀rọ mi ti ń dáhùn ìbéèrè náà ní pípé, láì kùnà ọ̀kan. Láti ọjọ́ Ẹtì náà ni àwọn oníbàárà wa ti ń pè mí pé íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, tí mo sì ń dá òjò lẹ́bi.

Ojú tì mí lórí àga níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ òfin kan sínú ẹ̀rọ náà pé kò gbọ́dọ̀ rán nǹkan kan sí nọ́ńbà yẹn mọ́, mo sì pe ìyá náà padà. Mo ní, “Mà, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀rọ wa ni. Ẹ má bínú.”

Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní ṣé mo rí i, òun ti rò pé òun ń ṣìwèrè ni. Ó wá sọ ohun tí mi ò gbàgbé fún mi. Ilé-ìwòsàn wọn ń rán ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibi àyẹ̀wò kan ní Ìbàdàn, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni èsì sì máa ń gbà wá. Bàbá arúgbó kan ti abúlé wá lọ́jọ́ Ẹtì fún èsì tirẹ̀, kò rí i gbà. Wọ́n ní kó padà wá ní Mọ́ńdè. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé èsì nìkan ló kù. Ó rò pé wọ́n tún fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ni, kò jẹun láti àárọ̀ Mọ́ńdè náà, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì títí di ìrọ̀lẹ́ láìfi nǹkan kan kan ẹnu. Ìyá náà ní ọwọ́ òun ni òun fi ra ẹ̀wà fún un nígbà tí òun gbọ́.

Mo bi í pé ṣé ara bàbá náà le. Ó ní ó le, pé wọ́n ti fi fóònù gba èsì náà níkẹyìn.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún pè. Wọ́n ti yí nọ́ńbà ilé-ìwòsàn padà ní Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀, oníṣẹ́ ibi náà tún ti rí èyí tuntun. Mo wo ẹ̀rọ mi, ó tún ti ń rán ìdáhùn lọ sí nọ́ńbà tuntun náà. Mo rí i pé bí mo bá ń lé nọ́ńbà kiri, mi ò ní bá a láéláé.

Mo lọ bá ọ̀gá mi, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó mi orí, ó ní, “Abeg, off am. Who send us message?” Lójú tirẹ̀, kí n ti ẹ̀rọ náà mọ́ gbogbo ẹni tí kì í ṣe oníbàárà wa, kí ọ̀rọ̀ parí. Kò jẹ̀bi. Ohun tí ìwé gbogbo tí mo kà sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé mi ò mọ àwọn tó ń lò ó, pé mi ò fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí mi ò rí. Ó ní kí n ṣe é tán kó tó di Mọ́ńdè.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mo mọ̀ nínú àwọn tó ń lò ó: obìnrin Ìjọ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé ní Ogbe-Ijoh, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò. Èmi àti ọ̀gá mi tó lọ Jámánì ti dé ibẹ̀ nígbà kan. Mo lọ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ó rántí mi, ó gbé àga fún mi. Nígbà tí mo bi í pé ṣé ó ṣì ń lo nọ́ńbà wa, ó nawọ́ sí ara ògiri. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà síbẹ̀, ó tóbi bí orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ti inú odò wá tẹ̀wé lọ́dọ̀ òun, tó bá ráhùn pé íńtánẹ́ẹ̀tì òun ń kọ iṣẹ́, òun á ní kó da nọ́ńbà yẹn kọ. Àwọn olùkọ́ ti dà á kọ. Àwọn tó wà ní ibùdó ìlera kan ti dà á kọ. Pásítọ̀ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní òun ò lè ka iye wọn.

Mo bi í pé ṣé wọ́n mọ ẹni tó ni ín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n rò pé ti ìjọba ni.

Mo dúró létí omi díẹ̀ kí n tó padà. Ọkọ̀ kan ń lọ, obìnrin mẹ́rin jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní èdè tí mi ò gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mọ́ wọn. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi yí kọ́nà. Èèyàn pọ̀ tó ń fi ojoojúmọ́ bi mí léèrè ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ mí nínú wọn.

Iṣẹ́ tí mo ṣe lẹ́yìn náà, mo kà á nínú ìwé, mo kọ ọ́, mo bà á jẹ́, mo tún un kọ. Ohun àkọ́kọ́ ni pé mo kọ̀ fún ẹ̀rọ náà láti dáhùn irú ìbéèrè tó ní kí a kó gbogbo ohun tó wà lábẹ́ orúkọ kan jáde. Kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ gidi tó nílò rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo kọ́ ọ láti máa kíyè sí ẹni tó ń béèrè. Bí nọ́ńbà kan náà bá béèrè ohun kan náà ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ̀rọ náà dákẹ́ sí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan dá ìyókù lóhùn pé: gba ọ̀nà kejì wá. Ọ̀nà kejì náà gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rọ mi á kọ́kọ́ kàn sí ẹni tí wọ́n dárúkọ pé, ṣé ìwọ lo béèrè? Onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀síwájú. Ẹni tó bá béèrè lóòótọ́ á dáhùn. Ẹni tó ń fi orúkọ ẹlòmíì béèrè kò ní sí níbẹ̀ láti dáhùn.

Ìwọ̀n tí mo kọ́kọ́ fi sí i le jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, obìnrin Ogbe-Ijoh pè mí, ó ní, “Oga, e don die.” Èèyàn tó pọ̀ létí odò ló ń gba inú nọ́ńbà kan ṣoṣo jáde, ẹ̀rọ mi sì ti kà wọ́n sí oníṣẹ́ ibi kan ṣoṣo. Mo sáré tú u. Ìtìjú mú mi lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo kọ ìwọ̀n tiwọn sọ́tọ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, tó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyá Òkè-Ògùn á pè mí. Àwọn aláìsàn ti lọ nígbà yẹn, ọ́fíìsì káàdì á ti dákẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan la ń sọ. Ó sọ fún mi pé ọkùnrin tó lọ òkè òkun kọ ìwé ojú ewé mẹ́rin sílẹ̀ fún òun lórí bí òun ó ṣe máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ, òun ò sì lóye kọjá ojú ewé kìn-ín-ní. Mo ní kó kà á fún mi. Ó ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, èmi ń túmọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi ka ojú ewé mẹ́rin náà. Ojú ewé kẹta la ti rí i pé ibùdó íńtánẹ́ẹ̀tì wọn ní Ìbàdàn lè máa ju irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ilé-ìwòsàn bá kọ̀wé béèrè fún un. Kò sí ẹni tó kọ̀wé rí. A jọ kọ ọ́ lórí fóònù, ó ń dá mi dúró pé kí n má sáré, ìka òun ò yá lórí kọ̀ǹpútà.

Ìgbà kan ó wọ yàrá ẹ̀rọ pẹ̀lú fóònù létí, ó ń sọ àwọ̀ wáyà kọ̀ọ̀kan fún mi, mo sì ní kó yọ èyí tó pupa, kó ka ogún, kó fi padà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kà á. Nígbà tí iná tún tàn lára ẹ̀rọ náà, ó pe orúkọ Ọlọ́run jẹ́jẹ́, ó sì ní òun ti lé lógún ọdún níbi iṣẹ́ yìí láì fọwọ́ kan nǹkan tó ń jẹ́ wáyà.

Díẹ̀díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Mo máa ń ní mo ti jẹ. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Kí lo jẹ?” Mo wá jẹ́wọ́ pé mi ò tíì jẹ nǹkan kan. Ó ní kí n wá nǹkan fi sẹ́nu, òun ń dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra mọ́ín-mọ́ín, mo gun òkè padà, mo jẹ ẹ́ létí fóònù. Ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ìyàwó mi ń kọ́.

Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ òun ni mo sọ ọ́ fún. Bóyá nítorí pé mi ò mọ ojú rẹ̀ ni. Mo sọ pé wọn ò ní fún mi ní ìwé, pé èmi àti ìyàwó mi ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pé a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, pé bí a bá pe ara wa, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ àti ojú ọjọ́ la ń sọ. Mo sọ pé ọmọbìnrin mi bi mí lọ́jọ́ kan bóyá òun lè máa kí mi ní ọjọ́ Sátidé nìkan. Mo sọ pé bí mo bá délé, mò ń fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀.

Ó wá ní, “Mo ń gbọ́ ẹ.” Kò gbà mí nímọ̀ràn, kò ṣàdúrà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó sọ pé ọkọ òun kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, pé àárọ̀ ni ó máa ń le fún òun, kì í ṣe alẹ́, nítorí pé àárọ̀ ni wọ́n jọ máa ń jà lórí rédíò.

Kó tó di Mọ́ńdè tí ọ̀gá mi dá fún mi, ẹ̀rọ wa ti padà sípò. Ìbéèrè èké náà ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde kò tó nǹkan. Mo fi òfin kan kún un lẹ́nu ibodè wa, pé kò sí oníbàárà wa kankan tó lè fi nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ ránṣẹ́ jáde, kó má baà jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ wa ni ẹlòmíì á ti máa ṣe irú rẹ̀. Ọ̀gá mi wò ó lójú kọ̀ǹpútà láti ẹnu ọ̀nà, kò wọlé nítorí òtútù. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí òun tún gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ku àwọn ẹ̀rọ yòókù tó wà nínú ìwé ìyá náà. Ó ka nọ́ńbà wọn fún mi, mo wá ímeèlì àwọn tó ni wọ́n, mo sì kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, mo ń ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwa àti bí mo ṣe tún un ṣe. Àwọn díẹ̀ dáhùn. Ọ̀pọ̀ ò dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn fọwọ́ sí ohun tí a kọ̀wé béèrè níkẹyìn, ohun tó kù nínú ìdọ̀tí náà kò lè dé ilé-ìwòsàn mọ́.

Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ tò, ìyá náà pè mí lágogo mẹ́rin. Ó ní èsì àyẹ̀wò ń wọlé bí omi. Ó kí mi, ó kí àwọn òbí mi tó bí mi, ó wúre fún ìyàwó mi àti fún àwọn ọmọ mi. Ó ní kí n máa jẹun. Mo dúpẹ́. Mo fẹ́ béèrè bóyá mo lè máa pè é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo rò pé yóò dà bí àṣejù, mo sì ní, “Ó dàbọ̀, mà.”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó di aago mẹ́rin, mo wo fóònù. Kò dún, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kó dún. Ó rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo pè é, mo ní mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ wọn ń ṣe dáadáa. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ariwo èrò lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ń pè é pé káàdì dà. Ó ní kí n jọ̀wọ́ pe òun padà nírọ̀lẹ́. Mi ò pè é. Mo ní ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ní màá pè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù.

Ó tó bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà kí ímeèlì kan tó wọlé láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ̀wé sí. Ọkùnrin kan ni, ní orílẹ̀-èdè kan tí mi ò dé rí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara. Ó ní kí n má bínú pé òun pẹ́ kí òun tó dáhùn, pé àìsàn dá òun dúbúlẹ̀, pé òun nìkan ló ń mójú tó ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ òun. Ó ti ka ìwé mi, ó sì ti tún tirẹ̀ ṣe bí mo ṣe wí. Ó ní òun ò mọ̀ rárá pé ẹ̀rọ òun ń pa ẹnì kan lára níbì kankan.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn tó yẹ kí n kà á fún. Mo gbé fóònù, mo pe nọ́ńbà ọ́fíìsì káàdì, torí òun nìkan ni mo ní. Mi ò gba nọ́ńbà tirẹ̀ gan-an rí. Ọkùnrin kan ló gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn. Mo fi Yorùbá béèrè ìyá náà. Ó ní wọ́n ti fẹ̀yìn tì láti oṣù tó kọjá, wọ́n ti lọ bá ọmọ wọn ní Àbújá. Mo bi í pé ṣé ó lè fún mi ní nọ́ńbà wọn. Ó ní kò sí lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n kí n sọ orúkọ mi, bóyá ẹnì kan lè bá mi jíṣẹ́ bí wọ́n bá wá ṣe ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn.

Mo ní kó sọ fún wọn pé ọmọ Ṣakí tó wà ní Warri ló pè. Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo jókòó. Ọ̀gá mi ti lọ sílé, kò sí ẹlòmíì lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Mo ṣí ímeèlì náà padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè ní Yorùbá, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, bí mo ṣe máa ń túmọ̀ ojú ewé mẹ́rin yẹn fún ìyá náà, mo ń rọra kà á kó má baà sáré jù. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkùnrin náà ti sọ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà mo kọ èsì sí i pé mo ti rí ìwé rẹ̀ gbà, pé mo dúpẹ́, mo sì béèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá.